Sítátà tòkunbọ̀, ti inú páálí àti èyí tí rewáyà tún ṣe l'Àkúrẹ́: a fi òṣùwọ̀n Henry Leland wọ̀n wọ́n

Bí mọ́tò bá kọ̀ tí ò sítáàtì, tí wọ́n sì ní kíkì sítátà ni, ohun mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún onímọ́tò l'Àkúrẹ́. Tòkunbọ̀ wà, ara rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára rẹ̀ ò tíì parẹ́. Ti inú páálí wà, ó ń dán gbinrin, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta ò sí lórí kátà rárá: ó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì yín, rewáyà ló sì ń sọ pé òun lè tún un ṣe. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la yẹ̀ wò níbí, fún Corolla, Camry àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké ẹgbẹ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ gba ìdájọ́ wa ná, kí ẹ tó gbọ́ ẹjọ́. Bí ámẹ́ṣọ̀ inú sítátà yín, irin tí wọ́n wé wáyà bàbà mọ́ tó ń yí nínú rẹ̀, ò bá tíì jó, ẹ tún ti yín ṣe. Bó bá ti jó, ẹ ra tòkunbọ̀ tí wọ́n dán wò lójú yín. Ti inú páálí ló gbẹ̀yìn.

A ò ṣàdédé mú Henry Leland, ọkùnrin tó dá ilé iṣẹ́ mọ́tò Cadillac sílẹ̀, wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè méjì tí àwọn èèyàn ń bi oní-páàtì lójoojúmọ́, pé ṣé á wọlé láìjẹ́ pé wọ́n yún un, àti pé ṣé á gbé ẹ́ńjìnnì dìde láàárọ̀, ọwọ́ ọkùnrin yìí ni méjèèjì gbà kọjá. Vermont ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1843. Iṣẹ́ ìbọn ló fi gbọ́n: ó wà ní ilé ìbọn ìjọba ní Springfield nígbà ogun abẹ́lé wọn, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Colt, lẹ́yìn náà ló lọ sọ́dọ̀ Brown & Sharpe, àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn irin. Ìbọn kì í gba àṣìṣe. Bí irin kan nínú rẹ̀ ò bá bá ìkejì mu, ẹni tó gbé e dání ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ní 1890 ó dé Detroit, òun àti alábàáṣe rẹ̀, Faulconer, sì dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti wá ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún Ransom Olds, ẹni tó ń ṣe mọ́tò Oldsmobile. Ní 1902, Henry Ford ti bínú kúrò ní Henry Ford Company. Àwọn olówó tó kù síbẹ̀ pe Leland kó wá díye lé ẹ̀rọ àwọn kí àwọn lè tà wọ́n dànù. Ó díye lé wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n má tà á, pé ẹ́ńjìnnì kan wà lọ́wọ́ òun tí wọ́n lè fi ṣe mọ́tò. Ibẹ̀ ni Cadillac ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò tó yẹ kí gbogbo oní-páàtì ní Nàìjíríà mọ̀ wáyé ní 1908. Aṣojú Cadillac ní Lọ́ńdọ̀nù, Frederick Bennett, kó mọ́tò mẹ́ta lọ sí pápá ìsáré mọ́tò Brooklands níṣojú àwọn Royal Automobile Club, ẹgbẹ́ onímọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀ pátápátá, wọ́n da páàtì wọn pọ̀ mọ́ ara wọn débi pé kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti mọ́tò wo. Wọ́n tún yọ páàtì 89 kúrò nínú òkìtì náà, wọ́n fi òmíràn láti inú sítóò rọ́pò wọn. Sípánà àti sukurudiráífà nìkan ni wọ́n gbà kí mẹkáníìkì lò. Kò sí fáìlì. Wọ́n tò wọ́n padà di mọ́tò mẹ́ta, wọ́n sì wà wọ́n ní máìlì 500 lórí pápá ìsáré náà. Dewar Trophy, ife ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n gbà fún un.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi níbi iṣẹ́ mẹkáníìkì. Sítátà tuntun dé, bóòtù kan wọlé, ìkejì ò bá ojú ihò rẹ̀ mu. Ọ̀gá á ní kí ọmọ iṣẹ́ mú fáìlì wá. Wọ́n á yún ihò náà gbòòrò, bóòtù á wọlé, sítátà á fún mọ́ tọ́ọ́tọ́ọ́, owó á sì yọ lápò. Níbi tí fáìlì bá ti wọ ọ̀rọ̀ sítátà, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ìdí rẹ̀ rèé. Eyín kékeré tó wà lẹ́nu sítátà ló ń yọ jáde lọ gé eyín ńlá tó yí fúláíwíìlì, àgbá irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ká jẹ. Kò sí ohun mìíràn tó ń mú kí àlàfo àárín eyín méjèèjì péye ju ojú ìjókòó sítátà àti ihò bóòtù rẹ̀ lọ. Bí ihò bá ti gbòòrò, sítátà lè yẹ̀ díẹ̀ sápá kan, tí eyín á wá máa jẹ eyín létí dípò kó jẹ ẹ́ láàárín. Ariwo á bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń lọ òkúta. Láìpẹ́, eyín fúláíwíìlì á gbó ní ojú kan, ẹ́ńjìnnì tó bá sì dúró sójú ibi tó gbó náà ò ní yí mọ́. Kí wọ́n tó lè pààrọ̀ eyín fúláíwíìlì, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Páàtì tí ẹ rà ní pọ́ọ́kú ti wá di iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ sítátà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn tó bá bọ̀lẹ̀kájà àtijọ́ láyé ò nílò àlàyé púpọ̀: ọ̀pá irin ni wọ́n ń kì bọ iwájú ọkọ̀, wọ́n á máa yí i tagbáratagbára, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ta padà, apá lè kán. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Detroit ni pé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ló gbá Byron Carter, ọ̀rẹ́ Leland, lágbọ̀n níbi tó ti ń ran obìnrin kan lọ́wọ́, tí ìyẹn sì já sí ikú rẹ̀. Leland ní Cadillac ò ní pa ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́. Charles Kettering ní Dayton ló bá a yanjú rẹ̀, Cadillac ti ọdún 1912 ló sì kọ́kọ́ gbé sítátà oníná jáde fún títà bí ohun tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Kí Kettering tó débẹ̀, ó ti ṣe mọ́tò kékeré tó ń ṣí ẹ̀rọ ìgbowó inú ṣọ́ọ̀bù. Ọgbọ́n tó kó wá látibẹ̀ ni pé mọ́tò tó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó sì máa sinmi lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lè rọ iná sí i ju agbára rẹ̀ lọ, kò ní jó.

Kó sinmi ni gbogbo ọ̀rọ̀. Sítátà ọkọ̀ yín lónìí, bí ọgbọ́n yẹn ni wọ́n ṣì ṣe ń ṣe é. Ó ń fa iná tó lè ju 100 áńpù lọ nígbà tó bá ń yí ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ni kó pọ̀ jù, lẹ́yìn náà kí ẹ fún un ní ìsinmi ó kéré tán ìdajì ìṣẹ́jú. Èyí tó ń jó ámẹ́ṣọ̀ jù l'Àkúrẹ́ kì í ṣe ọjọ́ orí, àìsí epo nínú ẹ́ńjìnnì ni: póǹpù epo ti kú tàbí omi ti wọ epo, onímọ́tò ò sì mọ̀, ó kàn ń yí kọ́kọ́rọ́ gìrìgìrì títí èéfín fi yọ lábẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ bínú sí sítátà nígbà yẹn. Awakọ̀ takisí tó ń na Ọjà Ọba sí FUTA náà ń lo tiẹ̀ nílòkulò lọ́nà mìíràn: ó ń pa ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ibi tó bá ti ń dúró de èrò nítorí owó epo. A ò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n kábọ̀n sítátà rẹ̀, ègé dúdú kéékèèké tó ń ha ámẹ́ṣọ̀ láti fún un níná, ò ní pẹ́ bíi ti ẹni tó kàn ń ti ọ́fíìsì ní Alágbàká relé.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ gbọ́ ohùn tó ń sọ. Bó bá ń dún tá-tá-tá-tá, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń bàìbàì, bátìrì tàbí orí bátìrì ni, kì í ṣe sítátà. Bó bá dún kó! lẹ́ẹ̀kan, tí iná ò sì bàìbàì, bàbà inú sólẹ́nọ́ìdì, ike àti irin tó wà lórí sítátà tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, ti jẹ tán, tàbí kábọ̀n ti kúrú. Bó bá ń yí wììì láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì mira, béńdíìsì, ibi tí eyín kékeré ẹnu sítátà wà, ń yọ̀. Bí ẹ bá ti tú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ tó ṣì ń yí lọ, bàbà ti lẹ̀ mọ́ra: ẹ yára yọ orí bátìrì kan kó tó jó ara rẹ̀.

Àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ rewáyà ń fò ni ti wáyà áàtì, ọ̀nà tí iná fi ń gba ara ọkọ̀ padà sí bátìrì, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló ń mú kí wọ́n pààrọ̀ sítátà tí nǹkan kan ò ṣe. Mítà olówó pọ́ọ́kú tó. Bátìrì tó kún gbọ́dọ̀ fi bíi 12.6 fóltì hàn nígbà tí nǹkan kan ò ṣiṣẹ́. Kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì máa wò ó: bó bá já wálẹ̀ ju 9.6 lọ, bátìrì ti rẹ̀ tàbí sítátà ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹnu mítà kan lé irin orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gátíìfù, kí ẹ fi ìkejì lé ara sítátà gan-an, kí wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá ka ohun tó ju ìdajì fóltì lọ, iná ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ẹ tú wáyà tó lọ bá ara ọkọ̀ àti èyí tó lọ bá ẹ́ńjìnnì, ẹ ha ìdọ̀tí àti ìpẹtà ibẹ̀ dànù, ẹ dè é padà. Ìyẹ̀fun funfun tó máa ń hù lórí bátìrì, omi gbígbóná á fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà mìíràn, gbogbo owó tí ẹ ò bá fi ra sítátà, orí wáyà yìí ló parí sí.

Bó bá wá jẹ́ sítátà lóòótọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí a yàn ṣáájú.

Rewáyà tó mọṣẹ́ á tú u kalẹ̀ lójú yín. Ẹ wo ámẹ́ṣọ̀: bí wáyà bàbà rẹ̀ bá ṣì pọ́n, tí kò rùn, ó ṣì dára. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ike tó jóná, ẹ má bá a jìyà. Ibi tí kábọ̀n ti ń ha á gbọ́dọ̀ dán, kí ó sì yí róbótó. Tó bá ti ní ojú gbọ́rọ́, kí wọ́n fi léètì gé e díẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n ha àárín àwọn bàbà kéékèèké náà jìn díẹ̀, torí bí ohun tó pààlà sáàárín wọn bá yọrí ju bàbà lọ, kábọ̀n á máa fò, iná á máa ta pàràpàrà. Kábọ̀n mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń ní. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí wọ́n pààrọ̀, kì í ṣe èyí tó kúrú jù nìkan. Nínú sólẹ́nọ́ìdì àwọn Toyota tó ń lo Denso, bàbà méjì ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú irin kan tó ń gbá wọn pọ̀. Àṣà tó gbilẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀ bàbà kan tàbí kí wọ́n yí i padà. Ó máa ṣiṣẹ́, kò ní pẹ́: irin tó ń gbá wọn á dagun sápá kan, bàbà tuntun á sì tún jẹ. Méjèèjì àti irin náà ni kí ẹ béèrè.

Àṣìṣe kan wà tí a ò lè fojú fò. Ọmọ iṣẹ́ máa ń da gbogbo páàtì sínú abọ́ pẹtiróòlù kó lè mọ́. Béńdíìsì ò gbọ́dọ̀ wọ inú pẹtiróòlù. Gíríìsì wà ní inú rẹ̀ tí kò sí ọ̀nà àtifi padà. Bí pẹtiróòlù bá fọ̀ ọ́ jáde, béńdíìsì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n á sì ní àyànmọ́ mọ́tò yín ni. Àkísà ni kí wọ́n fi nù ún.

Ohun tó burú nínú ọ̀nà yìí ni pé iṣẹ́ tó péye ń fa ọjọ́ gùn. Kábọ̀n tó bá a mu lè má sí l'Àkúrẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Leland alára ò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Nígbà tó kúrò ní General Motors, ilé iṣẹ́ tó ti ra Cadillac, ní 1917, ó dá Lincoln sílẹ̀ láti ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú fún ogun. Ogun parí, ó yí padà sí mọ́tò, ṣùgbọ́n mọ́tò náà pẹ́ kó tó jáde ní 1920. Irin rẹ̀ dára, owó ni kò dúró dè é. Ní February 1922 Henry Ford ra gbogbo rẹ̀ ní mílíọ̀nù 8 dọ́là, kò sì tó oṣù mẹ́fà tí Leland àti ọmọ rẹ̀ fi kúrò níbẹ̀. Ní ti yín, ẹ bá rewáyà dá ọjọ́ kí ẹ tó jẹ́ kó tú nǹkan kan, kí ẹ má san ju ìdajì owó iṣẹ́ lọ kó tó dán an wò.

Tòkunbọ̀ ló kàn. Ohun tó fi dára ni pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló fọwọ́ sí irin rẹ̀, nítorí náà yóò bá ojú ihò mu gẹ́lẹ́. Ohun tó fi burú ni pé kò sẹ́ni tó mọ iye ọdún tó ti lò. Ẹ yọ ti yín, ẹ gbé e lọ síwájú kátà. Ẹ fi wọ́n síra: kí ẹ ka eyín tó wà lẹ́nu méjèèjì, kí ẹ wo ihò bóòtù àti bí ihò wáyà kékeré ṣe rí, kí ẹ ka 12V àti iye kW tó wà lára wọn. Ti ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì lè yàtọ̀ sí ti onígíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Ẹ fọwọ́ yí eyín rẹ̀: apá kan ló gbọ́dọ̀ yí sí wẹ́rẹ́, kó há lápá kejì. Bó bá yí sápá méjèèjì, béńdíìsì ti lọ. Ẹ mi orí rẹ̀. Bó bá ń jì gọ́lọ́gọ́lọ́, búùṣì, òrùka tó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ti jẹ. Bí ẹrẹ̀ gbígbẹ bá wà nínú ihò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omíyalé ti gbé mọ́tò tó ti wá, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wá ní kí wọ́n fi iná sí i. Ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, torí yóò ta. Nẹ́gátíìfù bátìrì lọ sí ara irin rẹ̀, pọ́sítíìfù lọ sí bóòtù ńlá orí sólẹ́nọ́ìdì tí wáyà bátìrì máa ń wọ̀, kí wọ́n wá fi wáyà kékeré gbá bóòtù ńlá yẹn pọ̀ mọ́ ẹnu wáyà kékeré. Eyín gbọ́dọ̀ fò síta gbà! kó sì yí lójú kan náà. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́ẹ̀kan ò tó rárá: bàbà tó ti jẹ lè mú ẹẹ̀méjì, kó kọ ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta yẹn ló sì máa bá yín lójú ọ̀nà Ìdànrè. Yíyí lórí ilẹ̀ lásán ò sì fi hàn pé á gbé ẹ́ńjìnnì, nítorí náà kí àdéhùn wà pé bó bá kọ iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n dè é, ẹ ó dá a padà láàárín ọjọ́ tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Wọ́n á ní ọjà iná ò ní dídá padà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì tàbí kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ti inú páálí, a ò ní fi ọ̀rọ̀ gùn. Ojúlówó tuntun wà, àmọ́ owó rẹ̀ máa ń wúwo jù fún Corolla tó ti lo ogún ọdún. Èyí tó pọ̀ lórí kátà ni ayédèrú tó gbé orúkọ ńlá rù. Alfred Sloan, tó padà wá di olórí General Motors, ń ta béárìnì nígbà kan. Leland pè é, ó gbé maikirómítà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn irin, lé àwọn béárìnì náà níṣojú rẹ̀, ó fi hàn án pé ọ̀kan ò dọ́gba pẹ̀lú ìkejì. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ṣe ọjà inú páálí yìí: ẹ lè ra méjì nínú páálí kan náà, kí ọ̀kan jókòó gẹ́gẹ́, kí ìkejì sì béèrè fáìlì. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, ẹ gbé e lọ́wọ́ kan, kí ẹ gbé ti yín lọ́wọ́ kejì. Bí irú kan náà bá ni wọ́n, tó sì fúyẹ́ kedere ju ti yín lọ, irin àti bàbà inú rẹ̀ ló dín kù. Ẹ wo ojú ìjókòó rẹ̀: bó bá rí hálahàla bí ìyẹ̀fun tó dì, wọn ò gé e dáadáa. Ìwúlò rẹ̀ ò ju kó gbé ọkọ̀ jáde nínú wàhálà lọ, pàápàá ọ̀tọ̀mátíìkì, tí kò sí bí a ṣe lè tì í kó jí.

Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, nẹ́gátíìfù bátìrì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ, òun náà ni kí wọ́n dè kẹ́yìn. Kí wọ́n nu ojú ìjókòó rẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ọ́ìlì àti ẹrẹ̀, torí ibẹ̀ ni áàtì ti ń wọlé. Bí ọ́ìlì bá ń kán sórí rẹ̀ láti òkè ẹ́ńjìnnì, ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kó jò lọ́jọ́ kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kábọ̀n tuntun á di ẹrọ̀fọ̀ dúdú. Nọ́ọ̀tù bóòtù ńlá ò gba ìfipá: bí wọ́n bá fún un jù, bóòtù á yí nínú sólẹ́nọ́ìdì, ike ibẹ̀ á sì là. Kí wọ́n dá rọ́bà tó ń bo orí rẹ̀ padà.

Sítátà àtijọ́ ńkọ́? Oní-páàtì á ní kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, pé kò wúlò fún yín mọ́. Bàbà inú rẹ̀ lówó lórí, béńdíìsì rẹ̀ sì lè ṣì dára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n bù fún yín, tàbí kí ẹ gbé e sínú bọ́ọ̀tù máa lọ.